Àwo Ewé Ẹ̀gẹ́ Tó Di Búráùn: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Kíláàsì Amọ̀ l'Ábẹ́òkúta

Nígbà tí wọ́n ṣí ìléru, búlúù dúró digbí. Yẹ́lò náà kò yẹ̀. Dúdú yọ dáadáa, àmọ́ ibi tó ti fẹ́lẹ́ ti ń pọ́n. Àwọ̀ ewé ló di búráùn, bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná, píǹkì ò sì sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Ibi tí wọ́n kun ún sí kàn funfun tòun ti ìdọ̀tí ni. Lára àwọn àwo kan, gíléèsì, ìyẹn ohun tí iná ń yọ́ bo ara àwo kó lè máa dán, tún ká kúrò lórí ọnà tí wọ́n yà, ó fi ara amọ̀ sílẹ̀ lásán.

Ilé amọ̀ kan ní apá Ìdí-Abà, l'Ábẹ́òkúta, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan ló dá a sílẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé nígbà ọlidé. Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ iná ni tèmi: ẹni tó ní ìléru tí kò fẹ́ dáná rẹ̀ fúnra rẹ̀ á pè mí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì bàjẹ́ nínú iná á tún pè mí kí n wá wò ó. Olùkọ́ náà ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí àwọn mìíràn tó ń fi ọ́ńdágíléèsì kọ́ni ń bá irú rẹ̀ pàdé, wọ́n á sì máa náwó sórí àwọ̀ tuntun nígbà tí kì í ṣe àwọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n.

Fún ẹni tí kò lò ó rí, ọ́ńdágíléèsì ni àwọ̀ tí a fi ń kun amọ̀ kí gíléèsì tó gorí rẹ̀. Ẹfun tàbí amọ̀ funfun mìíràn wà nínú rẹ̀. Wọ́n á po àwọ̀ tí wọ́n ti sun tí wọ́n sì ti lọ̀ kúnná mọ́ ọn, wọ́n á fi fírítì (gíláàsì tí wọ́n lọ̀ kúnná) díẹ̀ sí i kí ó lè di ara amọ̀ mú, wọ́n á tún fi gọ́ọ̀mù sí i kí búrọ́ọ̀ṣì lè fà á láìgbẹ. Kì í yọ́ kó ṣàn nínú iná. Ibi tí o bá fà á sí ló máa wà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ya ọnà wẹ́wẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó jọ ọ́ kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20, máa ń fín ẹranko sára ìkòkò, á fi amọ̀ funfun dí ojú ibi tó fín, gíléèsì á sì bò ó. Ilé ẹ̀kọ́ amọ̀ tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Suleja, tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, ló ti ń ṣe é, láti ọdún 1954 lọ.

Kíláàsì tí mò ń sọ kò tóbi. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì méjì, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìkòkò òdòdó fún títà, àti ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ìyá aládìrẹ yìí ló ni púpọ̀ nínú àwo tó bàjẹ́. Ohun tó rò ni pé àwọn tó wá gun Olúmọ kì í lọ láìyà sí Ìtòkú wá wo aṣọ. Bí wọ́n bá wá rí àwo àti mọ́ọ̀gì tí ọnà àdìrẹ wà lára wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, wọ́n á mú méjèèjì pọ̀. Ọpọlọ gidi ni. Ó tiẹ̀ ti gba àsansílẹ̀ owó lọ́wọ́ oníbàárà kan tó fẹ́ fi díẹ̀ nínú wọn ṣe ìnáwó.

Amọ̀ tí wọ́n ń lò kò pupa. Bó bá jiná, á ní àwọ̀ iyanrìn. Wọ́n á kọ́kọ́ sun ún dé kóònù 04 (kóònù ni ṣóńṣó kékeré tó ń tẹ̀ nínú ìléru láti fi hàn pé iná ti gbóná dé ìwọ̀n), ìyẹn nǹkan bí 1,060°C, wọ́n á tì í bọ inú gíléèsì, wọ́n á sì tún un sun dé kóònù 6, nǹkan bí 1,220°C. Ìléru gáàsì ni, torí ẹni tó bá gbára lé iná mànàmáná fún odindi ọjọ́ kan láìṣẹ́jú ní àdúgbò wa, ó ti mọ ohun tó ń wá. Olùkọ́ ló ń fúnra rẹ̀ po gíléèsì aláìláwọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí gbogbo kíláàsì ń lò. Àwọ̀ ní tirẹ̀, kálukú ló ń ra tirẹ̀: ìgò kékeré-kékeré láti òkè òkun, lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí fóònù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹnì kan ló ni gíléèsì, àwọn mìíràn ló ni àwọ̀, kò sì sí ẹni tó dá àwọn méjèèjì pàdé rí kí iná tó dé.

Ẹjọ́

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹjọ́ ti pín sí mẹ́rin. Tíṣà tó fẹ̀yìntì sọ pé ayédèrú ni àwọ̀ tí wọ́n rà. "Kí ni wọn kì í yí mọ́ lórílẹ̀-èdè yìí?" Àwọn ọmọ pólì ní gáàsì ni, pé iná náà kò rí atẹ́gùn tó, èéfín ló ba àwọ̀ jẹ́. Ọkùnrin oníkòkò òdòdó ní iná ti pọ̀ jù, pé ó yẹ kí wọ́n ti pa á tipẹ́. Olùkọ́ ní tirẹ̀ bínú sí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Mo ní kí ẹ fi bo ìpele mẹ́ta, ẹ fi bo ẹyọ kan. Ṣé píǹkì á wá dúró?"

Ìyá aládìrẹ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kàn gbé àwo rẹ̀ dání, ó ní, "Àǹtí, ewé tútù ni mo yà o. Ewé gbígbẹ lẹ gbé fún mi."

Kò sí ẹni tó sọ ìsọkúsọ nínú wọn. Ayédèrú wà. Iná tí kò rí atẹ́gùn lè sọ àwọ̀ mìíràn di ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò. Àwọ̀ tí kò lè fara da kóònù 6 wà lọ́jà, ìpele kan ṣoṣo kì í sì í tó fún píǹkì. Ohun tó ṣòro nínú iṣẹ́ amọ̀ náà nìyẹn: ìdí mẹ́rin lè bí ọmọ kan náà, kálukú sì lè búra pé òun ló bí i.

Àwo kan ló yanjú ẹjọ́ náà kí a tó dán ohunkóhun wò. Àwo pẹlẹbẹ fífẹ̀ kan ni, ọ̀kan nínú ti ìyá aládìrẹ. Ewé ẹ̀gẹ́ ló yà sí i, irú èyí tó wà lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìka ewé náà tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan àárín rẹ̀ sì hàn kedere. Gbogbo rẹ̀ ti di búráùn. Àmọ́ ní ṣóńṣó ìka ewé kan, gíléèsì ti fà sẹ́yìn, ó fi àyè kan tó tó hóró àgbàdo sílẹ̀ láìbò. Nínú àyè yẹn, àwọ̀ náà ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Kò dán, ó gbẹ fúrú, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni, kò sí àríyànjiyàn. Mo dojú àwo náà délẹ̀. Ìkán àwọ̀ kan ti ṣàn dé ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi fóòmù nu gíléèsì kúrò kó má baà lẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Òun náà kò yí padà.

Ìgò kan náà ni, búrọ́ọ̀ṣì kan náà, iná kan náà, orí pẹpẹ kan náà. Bó bá jẹ́ pé ayédèrú ni àwọ̀ náà, ibi tí gíléèsì kò bò ì bá ti bàjẹ́ pẹ̀lú. Bí iná bá ti pọ̀ jù, kò ní yọ ṣóńṣó ewé sílẹ̀. Ní ti gáàsì, ìdí àwo ló dá àwọn ọmọ pólì lóhùn: irú amọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá rí atẹ́gùn, á ṣókùnkùn, á máa ṣe bí eérú, èyí ní àwọ̀ iyanrìn tó mọ́ tónítóní. Ohun kan ṣoṣo ló wà lórí búráùn tí kò sí lórí àwọ̀ ewé, gíléèsì ni.

Mo ní kí olùkọ́ mú ìwé tó fi ń po gíléèsì wá. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé ni, ó ti gba omi àti amọ̀ sára. Fẹ́lísípà, ẹ̀tù òkúta kan tó ń yọ́ nínú iná, wà nínú rẹ̀, sílíkà tó máa ń wà nínú iyanrìn wà, ẹfun wà, ẹ̀tù òkúta ẹfun tí wọ́n ń pè ní whiting wà. Síǹkì ló kẹ́yìn.

Ohun tí síǹkì ṣe

Síǹkì kì í ṣe ọ̀tá. Ní 1,220°C, fẹ́lísípà àti whiting nìkan kì í sábà yọ́ tó. Ohun kan ní láti ràn wọ́n lọ́wọ́, síǹkì sì wà lára àwọn tó ń ṣe é dáadáa. Ó ń jẹ́ kí ojú gíléèsì tẹ́, kó sì dán. Ó rọrùn láti rí lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míkà ní Ọ̀jọ́tà l'Ékòó. Ẹni tó ń fi gíléèsì yìí bo àwo funfun lásán lè lò ó títí ayé láìrí àbùkù kankan.

Króòmù, irú mẹ́táàlì kan tí wọ́n ń fi ṣe àwọ̀, ni kò lè bá a gbé. Púpọ̀ nínú àwọ̀ ewé inú ìgò, láti ara króòmù ni wọ́n ti ń rí i. Bí króòmù àti síǹkì bá pàdé nínú gíléèsì tó ti yọ́, wọ́n á para pọ̀ di ohun mìíràn, búráùn sì ni ohun náà. Kì í ṣe pé àwọ̀ náà jó. Ó ti di nǹkan tuntun. Píǹkì ọ̀pọ̀ ìgò tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Króòmù táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n sun pọ̀ mọ́ tíìnì ló ń mú un jáde, ó sì fẹ́ kí kálísíọ́mù pọ̀ nínú gíléèsì tó bá bò ó. Bó bá bá síǹkì pàdé, kì í di búráùn gidi, á kàn rá mọ́ wọn lójú ni. Dúdú sábà máa ń jẹ́ àpòpọ̀ irin, kóbọ́ọ̀tì, máńgánììsì àti króòmù, ìdí nìyẹn tí ibi tó ti fẹ́lẹ́ fi pọ́n.

Búlúù kóbọ́ọ̀tì ni, síǹkì kò sì dí i lọ́wọ́. Yẹ́lò tí wọ́n rà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti sé àwọ̀ rẹ̀ mọ́ inú síkọ́ọ̀nù, òkúta kan tí iná kì í tètè mú, kò ní króòmù nínú. Ẹ bá mi to àwọn tó yè sí apá kan, kí ẹ to àwọn tó fara gbọgbẹ́ sí ìkejì: gbogbo ẹni tó ní króòmù lára ló fara gbá a. Tíṣà wa tó fẹ̀yìntì, tó jẹ́ pé ìṣirò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, lóun ti gbà, ó sì yọwọ́ nínú ẹjọ́ ayédèrú.

Nǹkan kan tó pa wá lẹ́rìn-ín tún wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ pólì ní kọ́ọ̀pù funfun kan tó fi gíléèsì tó ní tíìnì bò, kọ́ọ̀pù náà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ewé nínú ìléru. Ẹ̀gbẹ́ tó kọ sí àwo náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó kun nǹkankan sí i. Króòmù máa ń fò díẹ̀ bí iná bá ga, tíìnì á sì gbà á mọ́ra. Ibi tí wọ́n kun píǹkì sí, a ò rí i. Ibi tí wọn ò kun ún sí, ó yọ. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń bèèrè bí òun ṣe lè ṣe òmíràn.

Olùkọ́ kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ lásán, ó sì ṣe dáadáa. A fi amọ̀ kan náà gé àwọn pátákó pẹlẹbẹ. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fa ìlà àwọ̀ kan: apá kan ní ìpele kan, èkejì ní méjì, ẹ̀kẹta ní mẹ́ta. A sun wọ́n lẹ́ẹ̀kan. A wá ti apá òsì bọ gíléèsì àtijọ́, a sì ti apá ọ̀tún bọ òmíràn tí kò ní síǹkì, tí fírítì oníbórọ́ọ̀nù ló ń mú kó yọ́. A to gbogbo wọn sórí pẹpẹ kan ṣoṣo, a gbé kóònù sí iwájú ihò tí a fi ń yọjú, kí ẹnikẹ́ni má tún wá sọ pé iná ló ṣe é.

Bí wọ́n ṣe jáde rèé. Àwọ̀ ewé: òsì búráùn, ọ̀tún àwọ̀ ewé tó ń dán, ìpele yòówù kó jẹ́. Píǹkì: òsì kò sí nǹkankan, kódà níbi ìpele mẹ́ta, ọ̀tún yọ níbi ìpele mẹ́ta, ó rọ níbi méjì, agbára káká la fi rí i níbi ẹyọ kan. Nítorí náà, olùkọ́ kò parọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìpele. Ìpele ṣe pàtàkì, àmọ́ kò sí iye ìpele tó lè gba píǹkì lọ́wọ́ síǹkì. Búlúù bára mu lápá méjèèjì.

Gíléèsì tuntun náà kò wá láìní wàhálà tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pò ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn ni pé kò bá amọ̀ wọn súnkì dọ́gba. Wọ́n fi sílíkà kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dẹ́kun. Wọ́n tún rí i pé bó bá ki jù, á ṣú bí ìkùukùu lórí àwọ̀ tó dúdú, torí bórọ́ọ̀nù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fírítì náà sì wọ́n ju síǹkì lọ. Kò sí ọ̀nà àbáyọ ọ̀fẹ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ gíléèsì tó ká kúrò

Èyí kò kan síǹkì rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ yà á sọ́tọ̀, torí ohun tó ń da orí ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ni pé àléébù méjì jáde lára iná kan, wọ́n á máa wá ìdí kan fún méjèèjì.

Gíléèsì ká kúrò lórí àwo ìyá aládìrẹ nìkan, àti lórí mọ́ọ̀gì kan tí ìyá náà bá akẹ́kọ̀ọ́ kan kun. Ti àwọn yòókù dúró. Mo ní kí ìyá náà jókòó, kó kun ewé kan lójú mi. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọnú ìgò, ó gbé e jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó ń kán, ó sì tẹ́ ẹ sórí àwo. Kò fà á. Ńṣe ló ń tò ó, ó ń bu ú lé, títí ọnà náà fi yọ sókè tí ìka fi lè mọ̀ ọ́n lára. Ó dúró, ó wò ó, ó tún bu díẹ̀ sí i níbi tó rò pé ó fẹ́lẹ́.

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin mà, ta ló kọ́ yín báyìí?"

Ó ní, "Ìyá mi ni. Ẹ̀kọ tó bá fẹ́lẹ́, aró á wọ abẹ́ rẹ̀."

Ó tán. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà náà sórí aṣọ, tàbí kí wọ́n tẹ páànù tí wọ́n ti gé ọnà sí lé e, bí àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá ṣe máa ń ṣe é. Ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ ki, kí aró má baà ráyè wọlé. Ọwọ́ tó ti fi ogójì ọdún kọ́ pé kíki ni iyì, ẹ ò lè fi ọjọ́ Sátidé kan sọ ọ́ di mìíràn.

Àmọ́ ohun tó ń gba aṣọ là ni ó ń pa àwo. Àwo tí a ti sun lẹ́ẹ̀kan máa ń mumi. Ó ń fa omi inú gíléèsì mu, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀tù rẹ̀ dì mọ́ ọn lára bákan náà. Bí ọ́ńdágíléèsì bá ki lórí rẹ̀, fírítì àti gọ́ọ̀mù á dí ojú ihò wẹ́wẹ́ náà, gíléèsì á kàn jókòó lórí rẹ̀ láìdì í mú. Bí iná bá wá mú un, á là, á ká lọ sí ẹ̀gbẹ́, á fi àárín sílẹ̀. Òróró ọwọ́ tún dá kún un. Ọyẹ́ ti mú nígbà yẹn, gbogbo wọn ló ń fi òrí pa ọwọ́ kó má baà sán, ọwọ́ tí òrí wà lára rẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń gbé àwo.

Mo gba olùkọ́ nímọ̀ràn pé kó máa jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kun iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó sun ún rárá, nígbà tí amọ̀ ti le tó láti gbé dání tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Iná àkọ́kọ́ á jó gọ́ọ̀mù kúrò, á sì mú àwọ̀ dì mọ́ amọ̀. Gíléèsì á wá rí ojú tó lè fà á mu. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní amọ̀ tútù ń fọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ẹni tó bá sì ṣi ọwọ́ yà lórí èyí tí a ti sun lè fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, àmọ́ lórí amọ̀ tútù kò sí fífọ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Síbẹ̀, lójú tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ̀ pé kò sí fífọ̀ á ronú kó tó ya nǹkan. A fẹnu kò sí i pé kí àwọn ọmọdé máa kun èyí tí a ti sun, kí àgbàlagbà máa kun ti tútù. Ìpele mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí èyí tó tẹ̀ lé e dábùú èyí tó ṣáájú, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Kí wọ́n fi fóòmù tó lómi díẹ̀ nu eruku lára àwo kí wọ́n tó tì í bọ gíléèsì. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí ìyá aládìrẹ fúnra rẹ̀ ṣe. Olùkọ́ fi ìda olómi hàn án, èyí tí a fi ń dí ibi tí a kò fẹ́ kí àwọ̀ dé. Kò jẹ́ kó ṣàlàyé tán. "Alábẹ́là nìyí nù un!" Ó ti ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe àdìrẹ tipẹ́, torí ó yá ju ẹ̀kọ lọ. Ó fi ìda ya ewé ẹ̀gẹ́ sórí àwo tútù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbòòrò gbá búlúù kọjá lórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ náà sì sá kúrò lórí ìda bó ṣe máa ń sá lórí aṣọ. Ní báyìí, kíki wà lára ìda, tí iná á jó dànù, fífẹ́lẹ́ sì wà lára àwọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Àwo tó jáde lára iná yẹn ní ewé aláwọ̀ iyanrìn lórí ilẹ̀ búlúù, kò sí ibi tí gíléèsì ti ká. Mo rí i tí tíṣà tó fẹ̀yìntì yọ́ lọ bá a pé kó kọ́ òun.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Àwọn kan ní kí wọ́n fi gíléèsì tuntun bo àwo búráùn, kí wọ́n tún un sun. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí ọ̀kan, búráùn náà ló jáde. Síǹkì ti wọ inú rẹ̀, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́ mọ́. Àwo tí gíléèsì ká kúrò lórí rẹ̀ ṣeé tún ṣe nígbà mìíràn: a lè mú un gbóná díẹ̀, ká fi gọ́ọ̀mù sínú gíléèsì, ká fi dí ojú ibẹ̀, ká sì sun ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n tún díẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò gbà, mo ní wọn ò gbọ́dọ̀ tà á fún jíjẹun. Ọ́ńdágíléèsì tí gíléèsì kò bò ń mu ọbẹ̀, kò ṣeé fọ̀ mọ́, àwọn ohun tí wọ́n sì fi ń ṣe àwọ̀, máńgánììsì àti kádímíọ́mù pẹ̀lú, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kó máa fara kan oúnjẹ.

Bí mo ṣe wà níbẹ̀ ni mo tún rí ohun tí wọn kò pè mí fún. Ọmọ pólì kan ń fi àbẹ ha àwọ̀ gbígbẹ kúrò lára mọ́ọ̀gì, ó sì ń fẹ ẹ̀tù rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu, nínú yàrá, níbi tí àwo mọ́ín-mọ́ín ẹlòmíràn wà. Sílíkà wà nínú ẹ̀tù yẹn. Ẹ̀dọ̀fóró tó bá gbà á fún ìgbà pípẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Kí wọ́n rẹ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n máa fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò fífi ìgbálẹ̀ gbá a, kí oúnjẹ kúrò lórí tábìlì. Ẹni tó bá ń po gíléèsì gbígbẹ, kó bo imú rẹ̀ pẹ̀lú ìbomú tó dára, kì í ṣe aṣọ lásán.

Ní ti owó, olùkọ́ dá owó iná padà fún gbogbo wọn, àmọ́ owó amọ̀ tí kálukú ti lò kò padà. Ọkùnrin oníkòkò òdòdó kọ̀ láti gbà á, ó ní búlúù ni òun lò, kò sì sí ohun tó ṣe tòun. Oníbàárà ìyá aládìrẹ gbà láti dúró díẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ kó àwọn àwo búlúù fún un.

Àwọn pátákó ìdánwò wà lára ògiri ilé amọ̀ náà báyìí, ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì gíléèsì gan-an ni wọ́n kàn wọ́n mọ́, wọ́n kọ orúkọ àwọ̀ àti iye ìpele sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ra ìgò tuntun gbọ́dọ̀ fi kun pátákó kan, kó sì lọ síná, kó tó kan iṣẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kò dànù o. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "SÍǸKÌ WÀ NÍNÚ RẸ̀" sára rẹ̀, fún búlúù àti àwo funfun ló wà. Píǹkì nìkan ló kù tí kò tíì tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn. Lórí amọ̀ aláwọ̀ iyanrìn, ó ṣì ń rẹ̀wẹ̀sì bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi amọ̀ funfun tẹ́ abẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ sì nìyẹn. Ìyá aládìrẹ ti ní kí wọ́n máa bá píǹkì wọn lọ, pé búlúù ni àwọn oníbàárà òun ń bèèrè.